A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Tí Ń Ya Àwòrán Inú Ara

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹmọ́nú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fò ó kọjá, nítorí pé ó kan ẹni tí ń ya X-ray, ó kan nọ́ọ̀sì, ó kan ẹni tí ń ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́, ó kan ẹni tí ń gbálẹ̀ yàrá ẹ̀rọ, ó sì kan ìyá arúgbó tí ó wọ ọkọ̀ láti oko wá bá wa kí a lè wo ohun tí ń ṣe é nínú.

Gbogbo yín ni ẹ mọ yàrá kan ní ilé ìwòsàn wa tí wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹ̀rọ CT ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú ara ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹni gé búrẹ́dì. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ìlù dún, àwọn ọ̀gá wọ agbádá, wọ́n sì ya fọ́tò. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà dára jù lọ. Kò pé ọdún méjì tí iná fi ṣe ségesège lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí páàtì kan sì jó nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ta á ní àfi kí ènìyàn wọn ti òkè òkun wá tún un ṣe. Àwọn aláṣẹ ní kò sí owó. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń kọ ìwé lé aláìsàn lọ́wọ́ pé kí ó lọ sí ibòmíràn, níbi tí owó rẹ̀ ti ju owó ọjà rẹ̀ lọ. Àwọn kan lọ, wọ́n mú àwòrán padà wá. Àwọn mìíràn lọ, a kò rí wọn mọ́.

Nísinsin yìí, a gbọ́ pé ìgbìmọ̀ kan ti jókòó láti ra òmíràn. Àwọn aláṣẹ wà níbẹ̀. Akápò wà níbẹ̀. Alágbàtà tí ń bá wọn ta ẹ̀rọ ń wọlé, ó ń jáde. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tí yóò máa fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ béèrè, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ga ju ti òṣìṣẹ́ lọ. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ṣe ìwádìí wọn, kọ̀ǹpútà sì ti ṣírò èyí tí ó dára jù. Àwọn bàbá wa ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni àwa náà ní fún wọn: ó dára jù fún ta ni?

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ "DÁRA JÙ"?

Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, nítorí pé ohun tí ènìyàn kò mọ̀ ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà á. Iṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe dára jù kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ télọ̀. Bí o bá gbé aṣọ yáàdì márùn-ún fún télọ̀ pé kí ó fi rán bùbá, ṣòkòtò àti fìlà, kò ní í kàn gbé sísọ́ọ̀sì lé e. Yóò kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, yóò máa yí i sọ́tùn-ún, yóò máa yí i sósì. Ohun mẹ́ta ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Èkíní ni ohun tí ó ń wá: kí àjákù má pọ̀. Èkejì ni ohun tí ó lè yí padà: ibi tí apá àti ẹsẹ̀ yóò ti jáde lára aṣọ. Ẹ̀kẹta ni ohun tí kò lè ré kọjá: aṣọ kò ju yáàdì márùn-ún lọ. Ohun mẹ́ta kan náà ni ó wà lọ́kàn ẹnjiníà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé télọ̀ lè yí aṣọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kọ̀ǹpútà a sì máa yí iṣẹ́ tirẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ibì kan. Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí a ń wá. Ènìyàn ni ó ń sọ fún un. Bí o bá ní kí ó wá ẹ̀rọ tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, yóò wá a kàn. Bí o kò bá sọ fún un pé iná a máa lọ nígbà tí aláìsàn wà nínú ẹ̀rọ, kò lè mọ̀. Bí o kò bá sọ fún un pé páàtì a máa dúró ní èbúté fún oṣù mẹ́ta, kò lè mọ̀. Ohun tí a kò bá gbé sórí òṣùwọ̀n, odo ni ó jẹ́ lójú rẹ̀. Bí ó bá sì parí ìṣirò, tí ó ní "èyí ni ó dára jù", òótọ́ ni ó sọ. Ohun tí wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n ni ó wọ̀n. Àwa ni wọn kò gbé síbẹ̀.

ÌDÍ IṢẸ́ NI ÌMỌ̀ YÌÍ TI JÁDE

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kórìíra ìmọ̀. Àwa tí a ń rí ohun tí ìmọ̀ yìí ń ṣe fún ọmọ aráyé lójoojúmọ́ kọ́ ni a ó kórìíra rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1895, ní ìlú Würzburg ní Jámánì, Wilhelm Röntgen ṣàkíyèsí ìtànṣán kan tí ń la ara kọjá. Òun ni ó gba ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ físíìsì ní 1901. Kò fi òfin dè é mọ́ ara rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó láìsan owó fún òun. Ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ẹ tún wo ìtàn ẹ̀rọ CT fúnra rẹ̀. Ní 1955, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ físíìsì ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí Allan Cormack, olùkọ́ kan ní yunifásítì, máa yà síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ láti dí àlàfo náà. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ìtànṣán tí wọn yóò fi wo aláìsàn, ńṣe ni wọ́n ń ṣe é bí ẹni pé inú ara ènìyàn rí bákan náà láti ìhín dé ọ̀hún. Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀: egungun kì í ṣe ẹran, ẹran kì í sì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Ó wá ọ̀nà tí a lè gbà ṣírò inú ara láti ìta, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1963 àti 1964. Àwọn tí ó kà á sí nígbà náà kò tó nǹkan.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Godfrey Hounsfield, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ EMI, ń ro irú èrò kan náà láìmọ̀ nípa ti Cormack. Ẹ̀rọ tí ó fi dán an wò lákọ̀ọ́kọ́ gba ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko kí ó tó kó ìṣirò àwòrán kan ṣoṣo jọ, kọ̀ǹpútà sì tún lo wákàtí méjì ààbọ̀ lé e lórí. Kò juwọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1971, wọ́n ya orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1979, òun àti Cormack jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tí ó kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ga ju òṣìṣẹ́ lọ, ṣé ẹ gbọ́? Ẹni tí ó dúró ti iṣẹ́ ni ó rí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀.

ÒÒFÀ ŃLÁ ÀTI ÒÒFÀ KÉKERÉ

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ẹ̀rọ MRI ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí ti hàn gbangba. MRI kì í lo ìtànṣán X-ray. Òòfà ni ó ń lò. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní agbára 1.5 tesla, ó sì lágbára tó láti fa irin lọ́wọ́ ènìyàn. Kí ó tó lè ní irú agbára bẹ́ẹ̀, wáyà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú helium olómi, tí òtútù rẹ̀ wà ní ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń di yìnyín. Ẹ̀rọ mìíràn ni ó ń mú kí òtútù náà dúró, iná sì ni ẹ̀rọ yẹn ń jẹ, tọ̀sán tòru, yálà aláìsàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí iná bá lọ tí kò sì tètè dé, helium yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó di afẹ́fẹ́, yóò sì máa sá lọ. Òkè òkun ni a ti ń ra òmíràn. Ní orílẹ̀-èdè tí òpó iná ìjọba àpapọ̀ ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún 2024 nìkan, ta ni ó gbé èyí sórí òṣùwọ̀n?

Àwọn tí ó ṣe òòfà ńlá yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Wọ́n wá àwòrán tí ó mọ́ kedere, wọ́n sì wá iṣẹ́ tí ó yá. Wọ́n rí méjèèjì. Ibi tí iná kì í ti í lọ ni wọ́n ní lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí mìíràn dìde, wọ́n yí ìbéèrè náà padà. Wọ́n ní: bí a kò bá fẹ́ helium ńkọ́? Bí iná kò bá gbọdọ̀ pọ̀ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ orí ọmọ nìkan ni a fẹ́ wò ńkọ́? Wọ́n kó àwọn òòfà kéékèèké tí kò nílò iná rárá, wọ́n tò wọ́n yí ká bí òrùka ní ọ̀nà tí wọ́n fi orúkọ onímọ̀ físíìsì Klaus Halbach pè. Iṣẹ́ wá kù síbì kan: ibo ni kí òòfà kọ̀ọ̀kan wà kí agbára náà lè dọ́gba níbi tí orí aláìsàn yóò wà? Ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè kà tán lọ. Wọ́n lo ìṣirò tí ó jọ ọgbọ́n àgbẹ̀ tí ń yan irúgbìn àgbàdo. Kọ̀ǹpútà yóò to oríṣiríṣi sílẹ̀, yóò yọ àwọn tí kò dára kúrò, yóò mú àwọn tí ó dára, yóò pa wọ́n pọ̀ mọ́ra kí wọ́n bí òmíràn, yóò tún yàn nínú ìyẹn, títí yóò fi kan èyí tí ó tẹ́ ni lọ́rùn. Àwọn olùwádìí ní Boston ní Amẹ́ríkà tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní 2018, àwọn ti Leiden ní ilẹ̀ Netherlands sì tẹ tiwọn jáde ní 2019.

Kò parí sínú ìwé. Ní 2022, wọ́n to irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní yunifásítì Mbarara ní orílẹ̀-èdè Uganda, àwọn ará ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ará Leiden jọ ṣe é ni. Àwọn ọmọ tí omi kún orí wọn ni wọ́n ní lọ́kàn. Agbára òòfà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.05 tesla, ìyẹn ìdá kan nínú ọgbọ̀n ti òòfà ńlá. A kò ní í parọ́ fún yín: àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti òòfà ńlá, kò sì lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tí òòfà ńlá ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti rí omi nínú orí ọmọ kò gba kí àwòrán mọ́ bíi dígí. Àwọn tí ó sì fi ọwọ́ ara wọn tò ó, àwọn náà ni yóò lè tú u nígbà tí ó bá ní àìsàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn àgbà kan wà lọ́jà níbẹ̀.

Ẹnìkan yóò sọ pé, "Ṣé ẹ̀rọ aláàbọ̀ ni ẹ fẹ́ fún ènìyàn dúdú ni?" Rárá o. A fẹ́ èyí tí ó ga jù, a sì fẹ́ ẹ pẹ̀lú iná rẹ̀, pẹ̀lú páàtì rẹ̀, pẹ̀lú ẹni tí yóò tún un ṣe. Ohun tí a kò fẹ́ ni ẹ̀rọ olówó ńlá tí ó kú sínú yàrá. Òòfà ńlá tí kò ṣiṣẹ́ kì í ya àwòrán kankan, ì báà ṣe èyí tí ó mọ́ tàbí èyí tí kò mọ́.

ṢÉ ÒṢÌṢẸ́ NI Ó Ń BA Ẹ̀RỌ JẸ́?

Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn láti sọ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ó le. Ẹ gbọ́ ohun tí ìwádìí sọ. Ní 2011, Perry àti Malkin tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ ìwòsàn 112,040 ní orílẹ̀-èdè 16 tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Nínú wọn, 42,925 ni kò ṣiṣẹ́. Nínú ẹ̀rọ mẹ́wàá, bíi mẹ́rin ti kú. Kí ni wọ́n ní ó fà á? Àìkọ́ni níṣẹ́, àìsí ètò ìtọ́jú ẹ̀rọ, àti àìsí iná, omi àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ gbára lé. Èwo ni ó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ta ni ó ń fọwọ́ sí owó ìkọ́niníṣẹ́? Ta ni ó ń ra dísù fún jẹnẹrétọ̀? Ta ni ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ alágbàtà láìgba ìwé tí yóò kọ́ wa bí a ṣe ń tú u? Nínú ẹ̀rọ tiwa tí ó kú yìí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí àwọn tí ó ta á nìkan mọ̀. Ẹnjiníà tiwa lè rí ibi tí ó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò lè wọ inú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí ó ra ilé, tí ẹni tí ó tà á sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

ARA WA NÁÀ WÀ LÓRÍ ÒṢÙWỌ̀N

Ọ̀rọ̀ kan kù tí àwọn aláṣẹ kò fẹ́ gbọ́. Àjọ àgbáyé tí ń rí sí ààbò lórí ìtànṣán, tí wọ́n ń pè ní ICRP, gbé ìlànà mẹ́ta kalẹ̀. Èkíní, kí a má ṣe lo ìtànṣán sára ènìyàn láìnídìí. Èkejì, bí a bá máa lò ó, kí a wá ọ̀nà tí yóò fi kéré tó bí ó bá ti lè ṣeé ṣe. Ẹ̀kẹta, kí ti òṣìṣẹ́ má ré kọjá iye kan: 20 millisievert lọ́dún bí a bá pín ti ọdún márùn-ún dọ́gba, kí ó má sì ju 50 lọ nínú ọdún kan ṣoṣo. Ẹ wo ìlànà kejì yẹn dáadáa. "Wíwá èyí tí ó dára jù" kan náà ni, ṣùgbọ́n níhìn-ín, ara ènìyàn ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n.

Àwòrán àyà kan lórí X-ray jẹ́ nǹkan bí 0.1 millisievert. CT ikùn lè tó 8 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí iná bá ṣe ségesège tí àwòrán sì bàjẹ́, a ó tún un yà. Aláìsàn gba ìtànṣán lẹ́ẹ̀mejì fún àìsàn kan. Iná tí kò dúró kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan, ọ̀rọ̀ ara ni. Ní tiwa, ẹ̀wù òjé tí ó ti sán ni a ń dà bora. Báàjì tí ó yẹ kí ó sọ iye ìtànṣán tí ó wọ̀ wá lára, ó ti pẹ́ tí wọn kò ti kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń kà á. Orílẹ̀-èdè yìí ní òfin: òfin tí ó dá àjọ NNRA sílẹ̀ ti wà láti 1995, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Kò sí ibi tí òfin ti ní kí òṣìṣẹ́ máa gbé báàjì tí ẹnìkan kì í kà.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Ẹgbẹ́ kò wá láti dí ìgbìmọ̀ lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn olùwádìí mọ ìṣirò, àwa mọ yàrá ẹ̀rọ. Ohun márùn-ún ni a ń béèrè, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé kankan:

1. Kí ẹni méjì nínú àwọn tí ń ya àwòrán, àti ẹnjiníà ilé ìwòsàn wa kan, jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà, kí wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò.

2. Kí ìgbìmọ̀ kọ ohun tí ó gbé sórí òṣùwọ̀n sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i: iná, dísù, páàtì, iye ọjọ́ tí àtúnṣe yóò gbà, àti iye tí aláìsàn yóò san.

3. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ fún wa fi ìwé àtúnṣe rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé wa lọ́wọ́, kí ó sì kọ́ ènìyàn wa níṣẹ́ kí a tó san owó tán.

4. Kí wọ́n tún ẹ̀rọ tí ó wà nílẹ̀ yẹ̀ wò ná. Bóyá owó páàtì kan kò tó ìdá kékeré nínú owó ẹ̀rọ tuntun.

5. Kí ẹ̀wù òjé tuntun dé, kí wọ́n máa ka báàjì lásìkò, kí wọ́n sì máa fi èsì rẹ̀ han ẹni tí ó ni ín.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, a ó jíròrò lórí èyí ní ìpàdé gbogbogbòò wa tí ń bọ̀. Ẹ má ṣe rán aṣojú, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wá. Ẹ mú ìrírí yín wá pẹ̀lú: ọjọ́ tí ẹ̀rọ kú, ohun tí aláìsàn sọ, ibi tí ẹ rán an lọ. Àkọsílẹ̀ yẹn ni ìwádìí tiwa, kò sì sí kọ̀ǹpútà kan tí ó ní in.

Wọn yóò tún sọ fún wa pé èyí ni ó dára jù. Nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́, kí gbogbo wa dáhùn pọ̀ ní ohùn kan: orí wa ni ẹ fẹ́ fá, a ti dé ibẹ̀. Ẹ fi hàn wá, fún ta ni ó dára jù?

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́!